Ta Ni Ó Ni Tíkẹ́ẹ̀tì Náà? Owó Òjijì, Ojú Ayé àti Ẹ̀kọ́ Inú Ìtàn

Ìfáárà

Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú bébà yìí ni láti yẹ irú ìtàn kan wò, èyí tí ó wọ́pọ̀ lọ́pọ̀ ilẹ̀, tí a sì máa ń kà láìbéèrè ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀. Ìtàn náà ni ti ẹni tí ó jẹ tẹ́tẹ́, tí owó ńlá já lù ú lójijì, tí òkìkí rẹ̀ kàn, tí owó náà sì tán, tí ó wá di àríkọ́gbọ́n fún gbogbo ènìyàn. Bí a bá ti gbọ́ irú rẹ̀, kì í pẹ́ kí òwe tí ó bá a mu tó wá sí wa lẹ́nu: ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Òwe náà dára, ó sì kún fún ọgbọ́n. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ lámèyítọ́ kọ́ ni láti fi òwe dí ìtàn lẹ́nu. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti bèèrè bóyá ohun tí òwe wí ni ìtàn náà wí ní tòótọ́.

Èrò tiwa ni pé ẹ̀kọ́ nípa ìná-àpà, tí wọ́n sábà máa ń fi kádìí irú ìtàn yìí, máa ń bo ìbéèrè méjì mọ́lẹ̀. Èkíní ni pé, ta ni ó ni owó náà gan-an? Èkejì ni pé, ta ni ó ń wòran, kí sì ni òǹwòran náà ń rí jẹ níbẹ̀? Láti fi ìdí èrò yìí múlẹ̀, a ó wo ìtàn kékeré kan tí Anton Chekhov kọ ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà ní 1887. A ó wo ìtàn Vivian Nicholson, obìnrin ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí òun àti ọkọ rẹ̀ jẹ púù ní 1961, bí ó ṣe di ìwé àti eré. A ó sì fi wọ́n wé ìwé Yorùbá kan tí gbogbo wa mọ̀, èyí tí I. B. Thomas kọ nípa Sẹ̀gilọlá.

Ó yẹ kí a sọ ìdí tí a fi lọ sí òkèèrè. Tẹ́tẹ́ púù kì í ṣe àjèjì láàrin wa. Àbájáde eré bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn baba wa ní Èkó àti ní Ìbàdàn fi ń ta á. Ẹlòmíràn tí kò dé ìlú Òyìnbó rí lè ka orúkọ àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Lóde òní ẹ̀wẹ̀, kò sí àdúgbò tí a kò ti mọ lọ́tò tí wọ́n ń pè ní Bàbá Ìjẹ̀bú. Nítorí náà, fọ́ọ̀mù tí ó sọ tọkọtaya kan di olówó ní ìlú Castleford jẹ́ ọmọ ìyá èyí tí wọ́n kọ ní Mushin. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí wọn kò jìnnà sí wa.

Tíkẹ́ẹ̀tì ìyàwó nínú ìtàn Chekhov

Ìtàn Chekhov kò gùn rárá. Ivan Dmitritch jẹ́ ọkùnrin tí ó ń fi 1,200 rúbù lọ́dún gbọ́ bùkátà ilé rẹ̀, ipò rẹ̀ sì tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, lẹ́yìn oúnjẹ, ó jókòó, ó ń ka ìwé ìròyìn. Masha ìyàwó rẹ̀, tí ó ń palẹ̀ tábìlì mọ́, ní kí ó bá òun wo àbájáde tẹ́tẹ́. Nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì náà pín sí ọ̀nà méjì: 9,499 ni nọ́ńbà ìsọ̀rí rẹ̀, 26 sì ni nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì gan-an. Ọkọ wo ìwé ìròyìn, ó rí 9,499. Kò wo èyí tí ó kù. Ó jẹ́ kí ìwé náà bọ́ sí itan rẹ̀, òun àti ìyàwó rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí rò ó pé bóyá àwọn ti jẹ 75,000 rúbù.

Àárín nọ́ńbà àkọ́kọ́ àti èkejì yìí ni gbogbo ìtàn náà wà. Ọgbọ́n ńlá ni èyí. Chekhov mú owó gan-an kúrò nílẹ̀, ó mú akọ̀ròyìn kúrò, ó mú aládùúgbò kúrò, ó wá fi tọkọtaya náà sílẹ̀ pẹ̀lú ìrètí nìkan. Síbẹ̀, gbogbo ohun tí a máa ń gbọ́ nípa àwọn tí ó jẹ tẹ́tẹ́ ni ó ṣẹlẹ̀ sí wọn kí iṣẹ́jú mélòó kan tó kọjá. Ivan pín owó náà lọ́kàn rẹ̀: 25,000 fún ilẹ̀ àti ilé ní oko, 10,000 fún àwọn ìnáwó ojú ẹsẹ̀, gbèsè àti ìrìn àjò, 40,000 sí báńkì kí ó máa mú èlé wá. Ó rí ara rẹ̀ tí ó dùbúlẹ̀ nínú oòrùn ní ẹ̀bá odò, tí kò sí iṣẹ́ kankan tí ó ń dúró dè é. Lẹ́yìn èyí, ó rí àwọn ẹbí tí wọ́n ń ya wọlé bí alágbe, ó sì kórìíra wọn kí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó mọ̀ pé ohun kan ṣẹlẹ̀. A rí i níbẹ̀ pé ojú ayé kò ní láti wà lóde kí ó tó máa wo ènìyàn. Ó ti wà nínú ọkàn olówó kí owó tó dé.

Àwọn tí wọ́n bá ka ìtàn yìí fún ẹ̀kọ́ máa ń sọ pé ojúkòkòrò ni ó ba tọkọtaya náà jẹ́. Bẹ́ẹ̀ kọ́ lójú tiwa. Ẹ jẹ́ kí a wo ibi tí inú Ivan ti yí padà. Níwọ̀n ìgbà tí ó ń fi ọkàn ra ilẹ̀, tí ó ń fi ọkàn rin ìrìn àjò, inú rẹ̀ dùn. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ sọ pé òun náà yóò fẹ́ láti rìnrìn àjò lọ sí òkè òkun ni ọ̀rọ̀ náà gba ibòmíràn yọ. Ìgbà náà ni ó rántí pé tíkẹ́ẹ̀tì ìyàwó òun ni, kì í ṣe tòun. Ó wá rí i lọ́kàn rẹ̀ bí obìnrin náà yóò ṣe di owó mú, tí yóò máa ṣọ́ ọ fún òun, tí yóò sì máa ṣàánú àwọn ará ilé tirẹ̀. Lójú ẹsẹ̀, ó ṣàkíyèsí pé ìyàwó òun ti darúgbó, pé òórùn ilé ìdáná wà lára rẹ̀, pé òun alára ṣì lè fẹ́ ẹlòmíràn. Kì í ṣe owó ni ó bí ìkórìíra náà. Ẹni tí owó náà jẹ́ tirẹ̀ ni ó bí i.

Níkẹyìn, Ivan wo ìwé ìròyìn, kí ó lè fi dun ìyàwó rẹ̀: 46 ni wọ́n kọ, kì í ṣe 26. Ìkórìíra lọ, ìrètí náà lọ. Ṣùgbọ́n ilé tí ó tẹ́ wọn lọ́rùn ní wákàtí tí ó ṣáájú ti wá ṣókùnkùn, ó ti kéré, àjà rẹ̀ sì ti kúrú. Oúnjẹ tí wọ́n jẹ kò bá wọn lára mu mọ́. Ọkọ sì ń sọ̀rọ̀ pé òun yóò lọ pokùn so. Kò sí ẹni tí ó ná kọ́bọ̀ nínú ìtàn yìí. A kò lè sọ pé ìná-àpà ni ó fa ìpàdánù náà, síbẹ̀ ìpàdánù náà pé pérépéré. Bí a bá gba èyí, a ti gbà pé ohun mìíràn wà lábẹ́ ìtàn olówó òjijì tí òwe wa kò tíì fọwọ́ kàn.

Àbùkù kan wà tí kò yẹ kí a gbójú fò. Ọkàn Ivan ni Chekhov ṣí sílẹ̀ fún wa. Ní ti Masha, ìlà díẹ̀ ni ó fi sọ fún wa pé òun náà ní àlá tirẹ̀, pé ó sì mọ ohun tí ọkọ rẹ̀ ń rò. Ẹni tí ó ni tíkẹ́ẹ̀tì kọ́ ni ó ni ìtàn. Kí a fi èyí sọ́kàn bí a ti ń lọ.

Owó Castleford àti ọ̀rọ̀ mẹ́ta

Ní oṣù kẹsàn-án 1961, Keith Nicholson, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ń kọ́ iṣẹ́ ìwakùsà ní Castleford ní agbègbè Yorkshire, jẹ £152,319 nínú púù. Ní ọ̀sẹ̀ kan, nǹkan bíi £7 ni owó iṣẹ́ rẹ̀. Vivian ìyàwó rẹ̀, ọmọ awakùsà, jẹ́ ẹni ọdún 25. Wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti gba sọ̀wédowó lọ́wọ́ Bruce Forsyth, gbajúmọ̀ aláwàdà orí tẹlifíṣọ̀n. Nígbà tí àwọn akọ̀ròyìn bi Vivian ní ohun tí yóò fi owó náà ṣe, ó dáhùn pé òun yóò ná an, òun yóò ná an, òun yóò ná an. Ọ̀rọ̀ tí ó sọ ní ìṣẹ́jú kan yìí ni ó di orúkọ rẹ̀ títí ó fi kú ní 2015.

Bí wọ́n ṣe máa ń sọ ìyókù ìtàn náà kò le. Wọ́n ra ilé ní àdúgbò àwọn tí ó rí jájẹ, wọ́n ra mọ́tò olówó iyebíye, wọ́n mu ọtí, wọ́n ra aṣọ, àwọn ọ̀rẹ́ àtijọ́ fà sẹ́yìn, àwọn aládùúgbò tuntun kò gbà wọ́n mọ́ra, owó tán. Obìnrin tí ó ní òun yóò ná an ti ná an. Ilé itọ́, ìrì ti wó o.

Ṣùgbọ́n nǹkan méjì ni irú àsọyé bẹ́ẹ̀ ń fò dá. Àkọ́kọ́, Keith kú nínú jàm̀bá mọ́tò ní 1965, nígbà tí ọdún mẹ́rin péré ti kọjá. Èkejì, lẹ́yìn ikú rẹ̀, báńkì àti àwọn agbowó-orí tí ó ń béèrè gbèsè sọ pé ogún Keith ni gbogbo owó tí ó kù àti ohun tí wọ́n fi rà, pé kì í ṣe ti opó rẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni Vivian fi ṣe ẹjọ́ kí ó tó rí £34,000 gbà nínú ogún náà ní 1968. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ti rí: obìnrin tí gbogbo ìwé ìròyìn ti gbé jáde fún ọdún mẹ́rin pé òun ni ó jẹ owó, òun náà ni wọ́n wá sọ fún pé òun kọ́ ni ó ni ín. Ní ti ìnáwó, tirẹ̀ ni. Ní ti ẹ̀bi, tirẹ̀ ni. Ní ti ẹ̀tọ́, ti ọkọ ni.

Òǹkàwé Yorùbá ní àǹfààní kan níhìn-ín. Láàrin wa, ó wọ́pọ̀ kí ọkọ ní àpò tirẹ̀, kí ìyàwó ní àpò tirẹ̀, kí ìyàwó tilẹ̀ yá ọkọ lówó kí ó sì bèèrè rẹ̀ padà. A sì mọ̀ pé nínú àṣà ìbílẹ̀ wa, opó kì í jogún ọkọ. Àwọn ọmọ ni wọ́n ń pín ogún baba wọn. Nítorí náà, ìyálọ́jà kan ní Ọjà Ọba tí ó bá gbọ́ ìtàn Castleford kò ní kọ́kọ́ bèèrè iye aṣọ tí Vivian rà. Ohun tí yóò bèèrè ni pé, orúkọ ta ni ó wà lórí fọ́ọ̀mù? Ìbéèrè lámèyítọ́ gan-an nìyẹn. Òun náà ni ó fi ìtàn Castleford àti ti Ivan Dmitritch so pọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé lọ́dọ̀ Chekhov ìyàwó ni ó ni tíkẹ́ẹ̀tì, tí ọ̀rọ̀ Castleford sì wá rí ní ìdàkejì.

Ní 1977, Vivian gbé ìwé ìgbésí ayé rẹ̀ jáde pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Stephen Smith, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ìjọ́sí ni wọ́n sì fi ṣe àkọlé rẹ̀: Spend, Spend, Spend. Ní ọdún kan náà, Jack Rosenthal sọ ọ́ di eré tẹlifíṣọ̀n fún BBC, John Goldschmidt darí rẹ̀, Susan Littler sì ṣe Vivian. Eré náà gba ẹ̀bùn ńlá. Ní 1998, wọ́n tún sọ ọ́ di eré olórin ní ìlú Leeds, ó sì dé Lọ́ńdọ̀nù ní 1999. Àní ẹgbẹ́ olórin The Smiths lo àwòrán rẹ̀ lẹ́yìn àwo orin wọn kan ní 1984. A kò sọ pé wọ́n jí ìtàn obìnrin náà. Òun fúnra rẹ̀ fọwọ́ sí i, ó sì sọ ọ́ pẹ̀lú ìgboyà àti ẹ̀rín. Ohun tí a ń sọ ni pé owó 1961 ti tán kí 1977 tó dé, ṣùgbọ́n òkìkí owó náà kò tán. Òkìkí náà ni ó di oko tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kórè.

Sẹ̀gilọlá àti omi ìfọwọ́

Irú ìtàn ìjẹ́wọ́ báyìí kò ṣàjèjì sí lítíréṣọ̀ wa. Láàrin 1929 àti 1930, I. B. Thomas tẹ àwọn lẹ́tà kan jáde nínú ìwé ìròyìn rẹ̀, Akéde Èkó. Obìnrin arúgbó kan tí ó pe ara rẹ̀ ní Sẹ̀gilọlá, Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́, ni a ní ó kọ wọ́n. Ẹwà rẹ̀ ni ó fi kó ọrọ̀ jọ lọ́wọ́ àwọn ọkùnrin ní ìgbà èwe. Nísinsìnyí àìsàn ti dé, ìṣẹ́ ti dé, ó sì ń sọ ìtàn ara rẹ̀ kí àwọn ọmọbìnrin Èkó lè fi kọ́gbọ́n. Òǹkàwé púpọ̀ gbà pé ẹni gidi ni. Thomas fúnra rẹ̀ ni ó kọ ọ́.

Sẹ̀gilọlá kò ta tẹ́tẹ́, Vivian kò sì ṣe iṣẹ́ Sẹ̀gilọlá. Ìjọra wọn wà nínú ìlànà ìsọ̀tàn. Òwe tí ìlànà náà gbára lé ni pé ẹni tí ó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ṣùgbọ́n kí ará yòókù tó kọ́gbọ́n, ó ní láti wo inú kòtò náà dáadáa: ó ní láti rí aṣọ, kí ó rí àríyá, kí ó gbọ́ orúkọ ọtí, kí ó ka iye mọ́tò. Òǹkàwé bá ẹni náà jẹ gbogbo adùn náà láìná kọ́bọ̀ ju iye tí ó fi ra ìwé ìròyìn. Nígbà tí ó bá jẹun yó, ó wá fi ẹ̀kọ́ fọ ọwọ́. Omi ìfọwọ́ ni ẹ̀kọ́ inú irú ìtàn yìí. Fẹ́mi Jẹ́bọ̀dà pe ìwé ìtàn rẹ̀ ní Olówólaiyémọ̀. A lè fi kún un pé olówó tí ó ṣubú ni ayé mọ̀ jùlọ, nítorí pé òun ni wọ́n lè mọ̀ láìsí ìlara.

Ó ṣe pàtàkì, pẹ̀lú, pé ọkùnrin ni ó di gègé mú nínú gbogbo rẹ̀. Chekhov kọ nípa tíkẹ́ẹ̀tì Masha; Thomas fi ohùn obìnrin sọ̀rọ̀; Smith àti Rosenthal kọ ti Vivian. A kò fi èyí bu ẹnikẹ́ni kù, nítorí iṣẹ́ tí ó dáńgájíá ni wọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí ó ní owó bá yàtọ̀ sí ẹni tí ó ni ìtàn, lámèyítọ́ kò gbọdọ̀ gba ẹ̀kọ́ tí ó gbẹ̀yìn bí ẹni pé ẹnu ẹni tí ọ̀ràn kàn ni ó ti jáde.

Àtakò kan

Ẹnìkan lè sọ pé ohun yòówù tí àwa lámèyítọ́ ìbáà sọ, ojoojúmọ́ ni a ń rí i pé owó tẹ́tẹ́ kì í pẹ́. Ó tọ́ kí a dáhùn, nítorí pé lórí ìgbàgbọ́ yìí ni irú ìtàn náà dúró lé. Wọ́n máa ń sọ káàkiri ní Amẹ́ríkà pé 70 nínú 100 àwọn tí ó jẹ tẹ́tẹ́ ni ó máa ń wọ gbèsè láàrin ọdún díẹ̀. Àjọ tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ náà sí lẹ́nu, National Endowment for Financial Education, kéde ní 2018 pé kò sí ìwádìí tiwọn tí ó sọ bẹ́ẹ̀. Iye náà jẹ́ òwe tí wọ́n wọ aṣọ ìṣirò fún.

Àwọn ìwádìí gidi kò fẹnu kò sí ibi kan. Brickman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fọ̀rọ̀ wá 22 ènìyàn tí ó jẹ tẹ́tẹ́ ìpínlẹ̀ Illinois lẹ́nu wò, wọ́n sì sọ ní 1978 pé ayọ̀ wọn kò fi bẹ́ẹ̀ ju ti àwọn tí kò jẹ ẹ́ lọ. Ìwádìí tí Hankins, Hoekstra àti Skiba ṣe ní Florida, tí ó jáde ní 2011, fi hàn pé owó tí ó tó $50,000 sí $150,000 kàn sún ìwọgbèsè síwájú fún ìgbà díẹ̀ ni, kò gba ènìyàn lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí ti òwe wa lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ní 2020, Lindqvist, Östling àti Cesarini tẹ èsì ìwádìí lórí àwọn ará Sweden tí ó lé ní 3,000 jáde. Wọ́n rí i pé àwọn tí ó jẹ owó ńlá ṣì ní ìtẹ́lọ́rùn ju àwọn yòókù lọ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn tí nǹkan ṣẹnuure fún wà, wọ́n sì pọ̀. A kò gbọ́ ìtàn wọn nítorí pé kò sí ẹni tí yóò ra á. Ẹni tí ó san gbèsè ilé, tí ó rán ọmọ lọ sílé ẹ̀kọ́, tí ó sì sùn, kò fún asọ̀tàn ní ohunkóhun.

Orúkọ tí a fi pamọ́

Ìbéèrè nípa òǹwòran ti dé ilé ẹjọ́ báyìí. Ní oṣù kìíní 2018, obìnrin kan jẹ nǹkan bíi $560 mílíọ̀nù ní ìpínlẹ̀ New Hampshire ní Amẹ́ríkà. Òfin ibẹ̀ sọ pé orúkọ ẹni tí ó bá fọwọ́ sí tíkẹ́ẹ̀tì jẹ́ ohun tí gbogbo ènìyàn lè mọ̀. Obìnrin náà ti fọwọ́ sí i kí ó tó mọ̀. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ilé ẹjọ́, adájọ́ sì dá a láre ní oṣù kẹta ọdún náà pé kí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pamọ́, ṣùgbọ́n kí wọ́n sọ orúkọ ìlú rẹ̀. Àwọn onítẹ́tẹ́ ní tiwọn sọ pé bí a kò bá rí ẹni tí ó jẹ, àwọn ènìyàn kò ní gbà pé òdodo ni. Ọ̀rọ̀ wọn kò ṣòfò; ojú ni ó ń ṣe ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n ojú náà ni ó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì tí ó kàn, bí fọ́tò Forsyth àti sọ̀wédowó ti ṣe ta púù. Obìnrin New Hampshire gba owó, ó sì kọ̀ láti di ìtàn. Títí di òní, a kò ní ìwé kankan tí a lè fi í kọ́ ọmọ lẹ́kọ̀ọ́, èyí sì ni èrè rẹ̀.

Ìgúnlẹ̀

Kì í ṣe ìyìn tẹ́tẹ́ ni a wá kọ. Àwọn tí ó pàdánù pọ̀ ju àwọn tí ó jẹ lọ, ó sì hàn gbangba pé láti ara wọn ni owó náà ti ń jáde. Ohun tí a ń sọ kan ìwé kíkà. Bí a bá ń fi irú ìtàn yìí kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa, kò tó kí a béèrè ẹ̀kọ́ tí ó kọ́ wa. Kí a béèrè orúkọ tí ó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì. Kí a béèrè ẹni tí ó ń sọ ìtàn náà, àti iye tí a san láti gbọ́ ọ. Kí a béèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀ láàrin ìgbà tí owó dé àti ìgbà tí ó tán, nítorí pé ikú, òfin àti ogún máa ń fara pamọ́ sí àárín náà.

Bí a bá béèrè báyìí, Vivian Nicholson kò ní jẹ́ aláìlọ́gbọ́n tí ìrì wó ilé rẹ̀ mọ́. Yóò jẹ́ opó ẹni ọdún 29 tí wọ́n gba àpò lọ́wọ́ rẹ̀, tí wọ́n sì fi òkìkí sílẹ̀ fún un. Masha pẹ̀lú yóò kúrò ní ìyàwó tí ó rùn sí ọkọ rẹ̀. Yóò di ẹni tí ó ra tíkẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n sì ti ná owó rẹ̀ tán lọ́kàn kí ó tó la ẹnu. Òwe wa kò bàjẹ́ nípa èyí. A kàn dá a padà sí ipò rẹ̀ ni, pé kí ó máa tẹ̀ lé ìtàn, kí ó má ṣe máa ṣíwájú rẹ̀.